Àmì Funfun Lára Susannah

Àbámẹ́ta, 14 Júùnù 1986

Òjò láti ìdájí. Ọ̀nà Ìwòpin bàjẹ́ ju ti èsí lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi jáde nínú ẹrẹ̀ kí n tó dé Èbúté Ọ̀pẹ̀mẹ́ta. Susannah wà níbi tó ti wà láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣòkòtò péńpé. Ó fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, igbó ti hù sí orí rẹ̀, àgbá àjẹ̀ ńlá tó fi ń gbá omi sẹ́yìn sì dúró gbọnin ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkọ̀ eléèéfín tó kẹ́yìn tí mo mọ̀ ní gbogbo etí omi wa nìyí. Àwọn tó kù ti di irin àlòkù tipẹ́.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, fọwọ́ sí i nípàdé tó kọjá pé òun ni iṣẹ́ wa lọ́dún yìí. Ẹgbẹ́ kan ń kọ́ gbọ̀ngàn, òmíràn ń gbẹ́ kànga. Àwa yóò gbé Susannah dìde. Olúṣẹ́gun Ṣóyẹmí, lọ́yà tó jẹ́ ààrẹ wa, ló sọ̀rọ̀ gbè mí. Ó ní, "Ràsákì ló kẹ́kọ̀ọ́ ọkọ̀ ojú omi dé Glasgow. Bó bá ní ó máa léfòó, ó máa léfòó nìyẹn." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo délé, mi ò lè jẹun fún ayọ̀.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé àkókò kò dúró dè wá. Ọ̀sà máa ń kún lópin Sẹ̀tẹ́ńbà wọ Ọkitóbà. Bí ìdí ọkọ̀ náà bá ti dí nígbà náà, omi ni yóò gbé e kúrò nínú ẹrẹ̀ fún wa, a ó sì fà á lọ sí etí ilẹ̀ líle tí a ti lè máa tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá dí, irin ìdí rẹ̀ kò ní fara da ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Ìṣẹ́gun, 17 Júùnù

Mo fi òòlù kékeré lu ara Susannah láti orí dé ìdí. Irin tó yè máa ń dáhùn bí agogo. Èyí tó ti jẹrà nínú a máa dún pọ̀, bí ẹni lu ìdí ìkòkò tó ti sán. Èyí tó bá dáhùn, mo fi ọ̀dà funfun ṣe òrùka sí i lára. Èyí tí kò dáhùn, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìhà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ìdí ni ìṣòro wà.

Ìyá Rose, tó ń yan ẹja létí èbúté, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ti ìdílé ọkọ rẹ̀, wá dúró tì mí.

"Ẹnjiníà, kí ni obìnrin yìí fi ṣe yín tí ẹ fi ń lù ú láti àárọ̀?"

Mo ní mò ń bi í léèrè ibi tó ń dùn ún ni.

"Ẹ ò bá ti bi èmi. Gbogbo ara ló ń dun àgbàlagbà."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ju ẹja sílẹ̀, ó sì wò mí dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fi ọkọ̀ yìí lé lọ́wọ́ o. Mi ò mọ ẹgbẹ́ yín. Ẹ̀yin ni mo mọ̀." Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Àìkú, 22 Júùnù

Ṣóyẹmí bá mi dé èbúté lónìí, tòun ti bàtà funfun. Mo mú un yí ọkọ̀ náà ká. Ó béèrè ohun tí òrùka funfun wà fún, mo ṣàlàyé. Ó ní èwo ló nípọn jù, mo fi hàn án. Ó béèrè bí wọ́n ṣe so àgbá àjẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fi àwọn ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn án, mo sì fi ọ̀rá kùn wọ́n níṣojú rẹ̀ kó lè rí i pé wọ́n ṣì ń yí. Ènìyàn tó ń béèrè ìbéèrè bí èyí ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bóyá ni ẹyọ kan fi máa ń wà nínú kíláàsì.

Ó ní Iléyá kù díẹ̀, kí ni a ó gbé jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba? Mo ní kí wọ́n ya àwòrán Susannah sára aṣọ fífẹ̀ kan tí a ó gbé dání. Ó mi orí.

Àbámẹ́ta, 5 Júláì

A bẹ̀rẹ̀ ìdí ọkọ̀. Ògúnbánwò, wẹ́dà tí ẹgbẹ́ gbà láti Òdógbólú, fẹ́ fi iná jó irin tuntun mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó tì í lórí pákó, mo ṣàlàyé fún un pé irin ayé ìgbà yẹn ní ìpele nínú bí àkàrà òyìnbó, iná yóò là á sí wẹ́wẹ́. Inú ọkọ̀ la ó ti kan àpótí pákó yí ojú ibi tó jẹrà ká, a ó da sìmẹ́ńtì kún un, yóò sì dí. Ó ní, "Ọ̀gá, mi ò tíì rí irin tó kọ iná rí." Ṣùgbọ́n ó ṣe bí mo ti wí.

Sìmẹ́ńtì tún ti gbówó lórí. Wọ́n ní yóò tún lé sí i.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Òjò. Mi ò lọ síbì kankan.

Àbámẹ́ta, 19 Júláì

Ìdí Susannah ti dí. Mo ní kí wọ́n da omi sínú rẹ̀ dípò kí a máa dúró de ọ̀sà, nítorí ibi tí omi inú bá gbà jáde ni omi ìta yóò gbà wọlé. Mo wọ abẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ ti fàyè sílẹ̀, mo fi àyà wọ́. Ibi méjì péré ló ń sun omi, a sì ti dí wọn kí oòrùn tó wọ̀. Mo fi ihò kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi èdìdì igi dí i, kí a lè máa fa omi òjò jáde.

Ìyá Rose fún mi ní ẹja yíyan, kò gba owó. Ó ní kí n lọ fún ìyàwó mi kó lè mọ̀ pé obìnrin tí mò ń bẹ̀ wò lójoojúmọ́ ti darúgbó.

Ajé, 28 Júláì

Ibà. Ràmọ́tà ìyàwó mi fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi pamọ́. Ṣóyẹmí gbé ọsàn wá, ó jókòó tì mí títí. Ó ní kí n sinmi títí Iléyá yóò fi kọjá, Ògúnbánwò yóò máa lọ ṣọ́ ibẹ̀. "Ìwọ fúnra rẹ lo ní kò sí nǹkan tí omi máa ṣe títí Sẹ̀tẹ́ńbà." Òótọ́ ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ara ti ń le. Ṣóyẹmí ní kí n lọ sí Àpápá wá ẹ̀rọ tó ń fa omi, mo lọ, mi ò rí èyí tó dára. Nígbà tí mò ń bọ̀ mo yà ní Òdógbólú kí n kí Ògúnbánwò. Ó ti fi tapólì bo gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó jáde wá pàdé mi lójú títì, ó ń nu ọwọ́ léraléra. Ó ní táńkì epo oníbàárà kan lòun ń ṣe. Kò ní kí n wọlé.

Nípàdé lánàá, wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo wọlé, ẹnì kan sì fi ọwọ́ bo ẹ̀rín lẹ́nu. Mo rò pé nítorí pé ibà ti gbẹ mí lára ni.

Jímọ̀, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Iléyá. Àgbò wọ́n débi pé ìdílé méjì ládùúgbò wa jọ pín ọ̀kan. Mùínátù ọmọ wa ti dé láti Ìjagun. Mo gbàdúrà fún omi Ọkitóbà.

Àìkú, 17 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ojúde Ọba. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Àwọn ẹlẹ́ṣin ti kọjá. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣóyẹmí ti ní kí n má bá wọn tò lẹ́yìn, nítorí ẹsẹ̀ mi tí kò tíì lágbára, kí n jókòó lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n máa wá mú mi. Ó kan àwa. Tírélà gígùn kan yí wọlé, ọkọ̀ ojú omi sì wà lórí rẹ̀, búlúù, ó ń dán, èéfín dúdú ń jáde lórí rẹ̀. Táyà ni wọ́n ń sun nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń yí àgbá àjẹ̀ ní ẹ̀yìn. Ṣóyẹmí dúró níwájú pẹ̀lú fìlà ọ̀gá awakọ̀ ojú omi. Àwọn èrò dìde. Mi ò tíì gbọ́ ariwo tó tó yẹn rí ní Ojúde Ọba.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rò pé pákó ni, pé wọ́n ṣe àwòrán rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá sí iwájú mi, mo rí àgbá náà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè fi pákó ṣe irú àgbá yẹn. Mo rí àwọn ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti gé wọn kúkúrú. Mo wo ìhà ọkọ̀. Irin ni, àwọn ìṣó olórí róbótó sì tò sí i lára bí wọ́n ṣe máa ń tò ó láyé àtijọ́. Ọ̀dà búlúù kì í bo funfun bí wọ́n bá kùn ún lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn òrùka mi ń hàn lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn.

Wọ́n wá mú mi. Wọ́n gbé mi gun tírélà náà. Orúkọ mi wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gàdàgbà, "Ẹnjiníà R. Ìbítáyọ̀," wọ́n kọ ọ́ sí orí irin Susannah. Ṣóyẹmí gbá mi mọ́ra, ó ń pariwo sí mi létí pé, "A fẹ́ fi yà ọ́ lẹ́nu ni!" Gbogbo ènìyàn ń wò mí.

Mo juwọ́ sí wọn.

Ajé, 18 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ sí èbúté. Wọ́n ti gé ìhà rẹ̀ méjèèjì, láti ibi tí omi máa ń dé sókè. Gbogbo ibi tí mo fi òrùka sí ni wọ́n gé. Ohun tí kò ní òrùka ló kù, ó so rọ̀ láàárín bí eyín arúgbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ìdí tí mo dí ṣì wà, nítorí ẹnikẹ́ni kò nílò rẹ̀.

Ìyá Rose kò dìde nídìí iná rẹ̀. Ó ní wọ́n fi iná gé e fún ọjọ́ púpọ̀, òun sì béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní èmi ni mo rán wọn. Ó ní, "Mo wo àwọn àmì yín, mo rí i pé àmì yín ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ni mo bá dákẹ́."

Mo ní mi ò mọ̀ sí i.

"Mo gbọ́," ó wí, ó sì ń yí ẹja padà.

Ọjọ́rú, 20 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ bá Ṣóyẹmí ní ọ́fíìsì rẹ̀. Àwòrán tírélà náà ti wà lára ògiri, wọ́n ti fi gíláàsì bò ó.

Mo ní, "Ṣẹ́gun, báwo ni wẹ́dà ṣe mọ èyí tó máa gé?"

"Ìwọ lo fi àmì sí i." Ojú kò tì í. "O ní èyí tó ní funfun ló yè. Ṣé irin jíjẹrà ni ká gbé wọ Ojúde Ọba?"

Mo sọ fún un pé ọkọ̀ tó máa léfòó ni mo ní lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá. Ó ní ta ni yóò lọ sí Ọ̀pẹ̀mẹ́ta lọ wò ó, ẹja ni? Ó ní gbogbo Ìjẹ̀bú rí Susannah lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tó ti Èkó wá rí i, àwọn ọmọdé tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ eléèéfín rí i. Lóòótọ́, wọ́n rí i. Mo ní ohun tí wọ́n rí kì í ṣe ọkọ̀ mọ́.

"Ràsá, òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún."

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi bi mí kí ó tó gé e. Mo fẹ́ gbọ́ pé wọ́n ṣèèṣì ni, tàbí pé Ògúnbánwò kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. N bá gbà á.

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Nítorí mo mọ ohun tí o máa sọ," ó wí.

Àìkú, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìpàdé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú tírélà náà, kí a gbìyànjú àtidá irin padà kí omi tó kún. Mo ṣàlàyé fún wọn láì fi ìkankan pamọ́: iná gáàsì ti jẹ etí irin náà, kò ní kún ihò rẹ̀ mọ́, a ní láti wá irin tẹ́ẹ́rẹ́ fi so ó pọ̀, iṣẹ́ náà yóò nira ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe bí a bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹnji, ṣé o fẹ́ fẹ́ Susannah ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín tó pẹ́. Ṣóyẹmí náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí tírélà náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ọwọ́ tèmi nìkan ni kò nà sókè.

Ìṣẹ́gun, 26 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ògúnbánwò wá sílé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé èmi ni mo ní kí òun gé e, pé kí òun má sọ fún mi pé òun ti bẹ̀rẹ̀ nítorí ibà. Mo ní kó dìde. Mi ò bá a jà. Mo bi í léèrè bí irin náà ṣe ṣe nínú iná, ó ní ó là sí wẹ́wẹ́ létí, bí mo ti wí.

Àbámẹ́ta, 6 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ràmọ́tà jẹ́wọ́ lónìí. Ṣóyẹmí ti sọ fún un nígbà tí mo wà lórí àìsàn pé ẹgbẹ́ ń ṣe ohun ìyàlẹ́nu kan fún mi. Ó ní, "Bàbá Mùínátù, mo rò pé àwòrán rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Inú mi ń dùn fún yín." Ó sunkún. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀ mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé títí oúnjẹ fi tutù.

Kọ́kọ́rọ́ tó fi pamọ́, Ṣóyẹmí ló ní kó fi pamọ́.

Ọjọ́bọ̀, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo bá ọkùnrin méjì ní èbúté, wọ́n ń fi okùn wọn ìkòkò ńlá tí Susannah fi ń se omi àti ọ̀pá èéfín rẹ̀. Wọ́n ní Lọ́yà ló rán wọn. Ẹgbẹ́ fẹ́ gbé méjèèjì sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, kí wọ́n kùn wọ́n ní búlúù, kí wọ́n gbin òdòdó sínú ìkòkò. Wọ́n máa wá gé e lẹ́yìn òjò.

Omi ti ń gòkè.

Ìṣẹ́gun, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ohun gbogbo ti gbówó lórí lóṣù yìí, gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ náírà. Èmi àti Ìyá Rose jókòó létí omi. Mo ṣàlàyé fún un pé ibi tí afẹ́fẹ́ àti omi ti ń pàdé ni irin ti ń jẹrà. Nínú ẹrẹ̀ jíjìn, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, irin lè sùn fún àkókò tí àwa méjèèjì kò ní rí òpin rẹ̀. Mo ní ọkọ̀ yìí kò lè gbé ènìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá lè gbé e dé ibú, ẹnikẹ́ni kò ní lè gé e.

Ó rò ó títí. Ó béèrè pé ṣé òun kò ní rí i mọ́. Mo ní kò ní rí i mọ́.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi náà."

Ó ní òun máa bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16 Ọkitóbà

Ó léfòó.

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ná. Omi wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, ẹrẹ̀ mí kanlẹ̀ bí ẹni tú bàtà, Susannah sì gbé ìdí sókè. Nítorí wọ́n ti gé ìhà rẹ̀, ó fúyẹ́ ju bí mo ti ṣírò lọ, ó sì léfòó lókè ju bí mo ti retí. Mo wà nínú rẹ̀. Mo wọ inú ìsàlẹ̀ lọ, mo fi ọwọ́ pa gbogbo àpótí sìmẹ́ńtì náà kárí. Gbígbẹ ni wọ́n. Iṣẹ́ mi dára. Mo kọ ọ́ síbí nítorí kò sí ẹlẹ́gbẹ́ mi kan tó wà níbẹ̀ láti rí i.

Àwọn apẹja fi okùn so ọkọ̀ àjẹ̀ wọn mọ́ ọn, wọ́n sì ń fà á, díẹ̀díẹ̀. Susannah rìn lórí omi. Kò pariwo, kò rú èéfín. Ìyá Rose dúró nínú ọkọ̀ tó ṣíwájú, ó fi gèlè rẹ̀ di ìbàdí. Nígbà tí a dé ibú, wọ́n tú okùn, wọ́n sì dúró dè mí.

Mo fa èdìdì igi náà yọ. Omi wọlé láìkánjú. Wọ́n fà mí sínú ọkọ̀ wọn, a sì wò ó títí ó fi rì. Ọ̀pá èéfín ló kẹ́yìn. Apẹja kan ní ó lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Àbámẹ́ta, 25 Ọkitóbà

Ṣóyẹmí wá sílé. Àwọn tó rán lọ gé ìkòkò padà wá bá a lọ́wọ́ òfo. Ìyá Rose ti sọ fún wọn pé omi ló gbé ọkọ̀ lọ. Ṣóyẹmí ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàdédé lọ, pé èmi nìkan ni mo lè mọ ibi tó wà.

Mo ní, "Omi kún lọ́dún yìí."

Ó dúró, ó ń wo ẹnu mi. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ mi, n ó ṣàlàyé títí yóò fi yé e, n ó tún wá pépà yà á fún un. Ó fún mi láyè.

"Ràsá, èmi ni mò ń bi ọ́ o."

Mo ní kí Ràmọ́tà gbé oúnjẹ wá fún àlejò. Ó jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì dìde. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá, Lọ́yà. Ẹ kí wọn nílé." Ó dúró nínú oòrùn fún ìgbà díẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀, ó lọ.